Ìyá Tó Di Gbólóhùn Karùn-ún

"Ẹ dà á o jàre. Àbí ọwọ́ yín ń gbààwẹ̀ ni?"

Abẹ́ tapólì ni ohùn yẹn ti ń jáde. Tapólì ni aṣọ líle tó nípọn bí awọ màlúù, tí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù fi ń bo ẹrù kí òjò má baà pa á. Ìyá àgbà kan ló jókòó sórí àpótí lábẹ́ ẹ̀, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ di irun fún. Àwa ọmọ àdúgbò dúró sórí bẹ́ǹṣì, à ń da omi garawa lé e lórí. Omi náà á ró gbì, á ṣàn wọ̀ọ̀ lọ sí etí aṣọ, á já sínú gọ́tà. Òórùn ìda oyin, kẹrosíìnì àti aṣọ tútù á gba gbogbo àgbàlá. Bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá kàn án lára, á ní, "Ó bù mí jẹ," á fi ìka ti ojú ibẹ̀ láti inú, aṣọ náà á yọ kókó lókè bí ìgbà tí ọmọ inú bá tàpá, èmi á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Bí ohunkóhun ò bá bù ú jẹ, á jáde síta ní gbígbẹ, á gbọn ìró ẹ̀ nù, á wo ojú awakọ̀ tó ń dúró, á ní, "Máa gbé e lọ. Bí òjò bá wọ ibẹ̀, èmi ló wọlé tọ̀."

Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ní Ajégúnlẹ̀ ìgbà yẹn, ọmọ tó bá mọ orúkọ àgbàlagbà ní àlàyé láti ṣe. Màmá là ń pè é, ìyẹn sì tó. Ojúlé tó kọjú sí tiwa ló ń gbé. Ọkọ ẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yẹn kú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń rán tapólì ní Ìjọra wá kí opó, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n wá béèrè pé ta ni kí àwọn kó abẹ́rẹ́ olóògbé fún. Màmá ní kí wọ́n kó o fún òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní tapólì kì í ṣe gèlè. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń rán ohun tí kì í ṣe gèlè yìí, yáàdì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ní Warehouse Road sì ń kó gbogbo tapólì ọkọ̀ wọn wá fún un. Àmọ́ àwọn ará Ìjọra ò gbàgbé. Wọ́n ní àwọn ní sùúrù. Ọjọ́ tí obìnrin yẹn bá ṣìṣe, òjò ló máa wá ròyìn fún àwọn.

Ẹ ò bá wá wò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ gùn tó ìka àárín mi, ẹnu ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń de awọ líle kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láti fi ti abẹ́rẹ́ náà wọnú aṣọ. Òwú á kọ́kọ́ gba orí ìda oyin kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ni wàá máa gbọ́ ọ: fíìì, kẹ́, fíìì, kẹ́. Kẹ́ yẹn ni ìgbà tó bá fà á le. Bí tapólì bá ya, á gé àlẹ̀mọ́ lé e, àṣírí iṣẹ́ náà sì wà ní ẹnu àlẹ̀mọ́ yẹn. Bí pánù òrùlé ṣe máa ń gun ara wọn kí omi lè ṣàn kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu àlẹ̀mọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré máa ń sáré wọnú òjò ni. Bí o bá kọ ẹnu àlẹ̀mọ́ síwájú, o ti la ẹnu fún òjò láti mu nìyẹn.

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́rú kan, Tíṣà wa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó: courageous. Ó ní akíkanjú ni ìtumọ̀ ẹ̀, ẹni tó láyà, ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ó ní ká lọ kọ gbólóhùn márùn-ún tó ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú, ká mú un wá lọ́jọ́ Ajé, ká má sì jẹ́ kí òun rí ohun tí òun ti rí rí. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ò fún mi ní wàhálà: sójà, ọdẹ, kìnnìún, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò. Ìkarùn-ún ló kọ̀ tí kò wá.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé ìwé lọ bá Màmá níbi tó ti ń rán tapólì yáàdì. Ó ní kí n tún pe ọ̀rọ̀ náà, ó pè é tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ó gùn jù fún ẹni tó bá ń sá fún màlúù. Mo bi í pé ta ló mọ̀ tí ẹ̀rù kì í bà.

"Ewúrẹ́ ilé yín," ó dáhùn. "Ó jẹ ẹní ìkírun lémọ́ọ̀mù, ó tún padà wá wo bùtá."

Mo ní Tíṣà ò ní gba ewúrẹ́. Ó ní á jẹ́ pé Tíṣà yẹn ò tíì bá ewúrẹ́ gbé. Mo ní kó wo ìwé mi wò, ó yí aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ padà kó lè ráyè wo ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Ó kàn fẹ́ràn kó máa wo bí lẹ́tà ṣe tò ni. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀: fíìì, kẹ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn mi nínú àgbàlá yẹn. Èmi ló máa ń pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ sínú àgbá, kí ọlọ́kọ̀ tó dé. Lọ́jọ́ náà, mo wo èrò tó tò sí ẹnu ẹ̀rọ, mo wo ìwé mi, mo wá jókòó. Mo ń wá gbólóhùn karùn-ún.

Kò pẹ́ ni fèrè ọkọ̀ ké lójúde. Awakọ̀ yáàdì yẹn ni, ọkùnrin gìrìwò kan láti ìhà Warri, tí Yorùbá ẹ̀ máa ń tiro, tí kì í sì í kọjá lọ́dọ̀ Màmá láì béèrè omi mímu. Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì ti gúnlẹ̀ ní wọ́ọ̀fù, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti tò, ẹni tí àyè ẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ máa padà sí ìdí ìlà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń pe nọ́ḿbà mi." Màmá wo inú àgbá. Àgbá náà gbẹ táútáú. Ó wò mí, mo wo bàtà mi. Ó gbójú sókè wo ojú ọ̀run, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n fọ̀.

"Máa gbé e lọ," ó ní. Kò sọ ìyókù.

Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ kejì, bíi pé ẹnìkan ló ránṣẹ́ pè é. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀. Àwọn apẹja Marine Beach fa ọkọ̀ wọn gòkè, gọ́tà wa kún débi pé pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó dá, awakọ̀ yẹn yọ, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a fi ń da omi, kò béèrè omi mímu. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Òjò ti wọnú ẹrù lójú ọ̀nà. Àwọn àpò sìmẹ́ńtì ìhà iwájú ti gan bí òkúta. Ọ̀gá yáàdì ní kò di okùn tapólì dáadáa ni, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó wá gba ìwé ìdádúró lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó ẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kì í ṣe pé ó wá fi ẹ̀sùn kan Màmá. Ọkùnrin yẹn gbà tọkàntọkàn pé òun lòun ò di okùn le.

Màmá bi í pé ibo gan-an ni omi gbà wọlé.

"Iwájú, lápá òsì. Lẹ́yìn orí mi báyìí."

Màmá pa ojú dé. Mo rí i tí ọwọ́ ẹ̀ ń yí aṣọ tí kò sí níbẹ̀, bó ṣe yí i nígbà tó fẹ́ wo ìwé mi: ó yí i, ó dúró, ó tún yí i padà. Nígbà tó lajú, ó ti di àgbà ju bó ṣe wà lọ. Ó ní òun rántí àlẹ̀mọ́ yẹn. Ó ní iwájú lòun kọ ẹnu ẹ̀ sí.

Awakọ̀ fò dìde. Ó ní, "Mama, abeg, no talk am. Na rope." Ó wá fi Yorùbá atiro ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé òun á ríṣẹ́ míràn, ọkọ̀ ò tán ní Apapa, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Ìjọra bá gbọ́ èyí, Màmá ò ní ríṣẹ́ gbà mọ́. Màmá ní kó lọ sùn ti ọmọ ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó pè mí. "Ọmọ ilé-ìwé, wọ bàtà ẹ." Ọ̀gá yáàdì ò gbọ́ Yorùbá, a sì ń lọ rí i. Mo ní ṣebí Pijin wà lẹ́nu ẹ̀. Òtítọ́ ni, Pijin ni Màmá fi ń bá àwọn awakọ̀ ṣeré, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ gbá itan. Ó ní ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ "how body". Gẹ̀ẹ́sì tó wọ bàtà lòun fẹ́.

Ẹsẹ̀ la fi rìn. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Lẹ́ẹ̀mẹta ló dúró lọ́nà. Ó kọ́kọ́ ní òkúta wọ bàtà òun. Mo wò ó, kò sí òkúta. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí a jẹ́ kí tírélà kan kọjá, tírélà yẹn sì jìnnà bí ọ̀la. Lẹ́ẹ̀kẹta, ní ẹnu géètì yáàdì gan-an, ó yí padà, ó kọjú sọ́nà ilé, ó rìn tó ìgbésẹ̀ márùn-ún. Mo tẹ̀ lé e, inú mi dùn. Ó tú ìró, ó tún un ró, ó wí nǹkan kan lábẹ́nu ní èdè àdúrà, ó sì tún yí padà. Ariwo kireènì àti fèrè ọkọ̀ ojú irin gba etí. Mo ń rò ó nínú mi pé: èyí kọ́ ni Tíṣà ń sọ. Ẹ̀rù ń ba obìnrin yìí gan-an ni.

Ọ̀gá yáàdì ní kó jókòó, kò jókòó. Ó dúró sáàárín ọ́fíìsì lábẹ́ fáànù, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá ka ìwé.

"Sọ fún un pé èmi ni mo rán tapólì yẹn. Mo kọ ẹnu àlẹ̀mọ́ síbi tí kò yẹ. Dẹ́rẹ́bà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Mo sọ ọ́. Ọ̀gá náà yọ awò ojú. Ó ní ta ló rán an wá. Màmá ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ọ̀gá ní ṣé ẹnìkan fi ẹ̀sùn kàn án ni. Màmá ní rárá. Ọkùnrin yẹn wá béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ilé: ṣebí òun gbọ́ pé ó máa ń jókòó sábẹ́ tapólì kó tó fi sílẹ̀, kí ló dé tí kò dán èyí wò?

Mo túmọ̀ ẹ̀. Màmá wojú mi. Kò pẹ́, bí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ni.

"Sọ fún un pé mi ò dán an wò."

Mo sọ fún un pé kò dán an wò. Èmi ni mi ò pọn omi: Gẹ̀ẹ́sì ìyẹn ò ṣòro, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ni mo mọ̀ láti kíláàsì kejì. Mo gbé e mì.

Wọ́n tẹ́ tapólì náà sílẹ̀ ní yáàdì. Màmá fi ìka gba abẹ́ àlẹ̀mọ́ kọjá, ó la ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀gá lè rí ibi tí òjò gbà. Ọ̀gá rí i. Ó ní wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà fún awakọ̀, kò sì ní gba ìwé kankan. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n sọ fún ìyá àgbà pé òun dúpẹ́, àmọ́ wọ́n á wá ẹlòmíràn fún tapólì yáàdì. Mo sọ ìyẹn náà. Màmá ní ó dáa. Mo rò pé a fẹ́ máa lọ ni, àfi bó ṣe ní kí n bá òun tọrọ ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n jẹ́ kí òun tún àlẹ̀mọ́ yẹn rán kí òun tó kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yáàdì, nínú oòrùn, níwájú gbogbo àwọn aláàárù tó wá wòran, ó tú u, ó yí i padà, ó sì rán an. Fíìì, kẹ́. Ẹnì kan nínú wọn fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹlòmíràn fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà tún kọ ọ̀rọ̀ náà àti ìtumọ̀ ẹ̀ sójú pátákó, ó ní ká máa ka gbólóhùn wa síta. Sójà, sójà, sójà. Ọdẹ, kìnnìún. Tíṣà ti ń tòògbé. Nígbà tó kàn mí, mo ka mẹ́rin mi, mo wá ka ìkarùn-ún, pé ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa courageous. Tíṣà la ojú. Ó ní kí ni ìyá àgbà náà pa? Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kò pa nǹkan kan, sà. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀, mo tún fi kún un pé ẹ̀rù bà á gan-an, pé mo rí i. Tíṣà bi mí pé ta ló ká a mọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó ká a mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ó lọ sídìí pátákó, ó fi dọ́sítà nu ibi tó kọ pé ẹni tí ẹ̀rù kì í bà, kò sì kọ nǹkan míràn dípò ẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ó wá yíjú sí kíláàsì, ó ní ọmọbìnrin tó lè dúró níwájú ọ̀gá yáàdì ṣe ògbufọ̀, òun náà courageous. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pa á. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti jẹ ẹgba lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tó dùn mí tó àtẹ́wọ́ yẹn.

Mi ò dúró jẹun nígbà tí mo délé. Mo bá Màmá níbi tó ti ń rán ìbòrí kékeré kan fún ọmọlanke aláta. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo wo gbogbo ibi tí ojú lè wò.

"Màmá, èmi ni mi ò pọn omi lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀." Abẹ́rẹ́ ò dúró.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún wọn?"

Ó fà á le, kẹ́, ó sì gbé òwú sẹ́nu gé e. "Ìwọ lè bá mi sọ tèmi. Èmi ò lè bá ẹ sọ tìẹ."

Àwọn ará Ìjọra fi wá ṣẹ̀fẹ̀ jálẹ̀ òjò ọdún yẹn, àwọn náà ló sì ń rán tapólì yáàdì títí tí a fi kó kúrò ládùúgbò. Iṣẹ́ Màmá dín kù púpọ̀. Àwọn awakọ̀ tó ni ọkọ̀ fúnra wọn ló kù tó ń wá, ìkan lónìí, ìkan ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí awakọ̀ gìrìwò yẹn ò yé sọ ohun tí Màmá ṣe fún un káàkiri wọ́ọ̀fù. Mi ò gbọ́ kí Màmá ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn máa ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ṣé Tíṣà ti gba ewúrẹ́ wọlé.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lẹ́yìn náà, mo sì ti bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé níbi tó pọ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́ àti àwọn tí ẹ̀rọ ayàwòrán kọjú sí. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ bí ó bá ku èmi nìkan, mo máa ń wádìí ẹni náà wò: ìgbà wo ló sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó bi í ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n ti ká a mọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń já bọ́ níbẹ̀. Èmi náà ti já bọ́ níbẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, fáìlì kan sọnù ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ojú sì yí sí ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín wa. Wọ́n ti ń múra àtifún un ní kúẹ́rì. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo rí fáìlì náà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìwé tí èmi fúnra mi gbé lé e. Mo mu tíì. Mo lọ sílé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ àwọn èèyàn tí mi ò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta láago, mo kí wọn. Nígbà tó di agogo kan ọ̀sán, mo dìde, mo di fáìlì yẹn mú, mo lọ dúró níwájú ọ̀gá mi tí mo jù lọ́jọ́ orí, mo ní èmi ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, láti ọ́fíìsì ọ̀gá yáàdì dé iwájú Màmá, ọjọ́ méjì ló gbà mí. Ó ti di wákàtí mẹ́rin báyìí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ń yára sí i.